Ta Ni A Pè Síbi Ife Àgbáyé?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ àti ní Lòmé, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni a gbé wá lóṣù yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò gba ife. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ni: ta ni a gbà láyè láti wọlé, ta sì ni a tì mọ́ta?

Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2026 ni a ṣètò Ife Àgbáyé sí ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò. Orílẹ̀-èdè 48 ni a pè. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 104, 78 wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 2025, níbi tí wọ́n ti ń pín àwọn orílẹ̀-èdè sí ìsọ̀rí ní Washington, Gianni Infantino, olórí FIFA, fi ẹ̀bùn àlàáfíà tí àjọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lé Ààrẹ Donald Trump lọ́wọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ààrẹ fọwọ́ sí àṣẹ tó fi Benin, Nàìjíríà, Senegal àti Côte d'Ivoire kún àwọn orílẹ̀-èdè tí a dá físà àbẹ̀wò wọn dúró láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026. Tógò ti wà nínú irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún 2025. Háítì, ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ baba ńlá rẹ̀ gba èbúté Ouidah lọ, tí kò sì dé ibi Ife Àgbáyé láti ọdún 1974, wà lára àwọn tí a tilẹ̀kùn mọ́ pátápátá.

Àṣẹ náà yọ àwọn agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn olùkọ́ni wọn, àwọn òṣìṣẹ́ wọn àti ẹbí wọn tímọ́tímọ́. Kò yọ àwọn alátìlẹyìn. Nígbà tí a bá ní kí Senegal kojú Faransé ní New Jersey, ọmọ Faransé tó ń gbé Paris lè lọ jókòó síbẹ̀; ará Dakar tí kò ti ní físà tẹ́lẹ̀ yóò wò ó nílé.

Ọ̀rọ̀ yìí ìbá kàn wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àwọn Guépards wa ni wọ́n ṣáájú ìsọ̀rí wọn kí Nàìjíríà tó fi góòlù 4 sí òdo borí wọn ní Uyo. Ká ní wọ́n borí lọ́jọ́ náà, àwọn ìbá lọ, àwa ìbá sì dúró sílé.

Òótọ́ ni pé onílé ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé àwọn ará ilẹ̀ wa kan ń dúró kọjá ọjọ́ tí a dá fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà láti gba ayé lálejò ti gba ẹrù mìíràn. Ní Rọ́ṣíà lọ́dún 2018, káàdì òǹwòran ló dípò físà; ní Qatar lọ́dún 2022, káàdì Hayya ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ṣe lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ó ṣeé ṣe.

Ìwà FIFA ló dùn wá jù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, àjọ náà dá Benin dúró nítorí pé ilé ẹjọ́ dí ìdìbò ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa lọ́wọ́. Wọ́n ní kí ìjọba má fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Òfin tó mú ọmọdé tí kò lè bá àgbà wí, kí la ó pè é?

Ìbò 54 nínú 211 tó wà ní FIFA jẹ́ ti Áfíríkà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí àwọn tó ń ṣojú wa níbẹ̀ béèrè pé, kí a tó fún ilẹ̀ kankan ní Ife Àgbáyé mọ́, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yóò gba àwọn alátìlẹyìn gbogbo orílẹ̀-èdè tó bá yege. Ẹni tí a pe ọmọ rẹ̀ síbi àsè, kò yẹ kí a dá òun dúró lẹ́nu ọ̀nà.