Ẹ̀bẹ̀ Nítorí Àwọn Tí Jẹjẹrẹ Mú Lẹ́nu àti Lọ́fun

Sí Mínísítà fún Ètò Ìlera àti àwọn Gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá.

Ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí sí LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, ní 2019 jẹ́ ohun ìdúpẹ́ fún wa. Ohun tí ẹ̀rọ ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ kò lè dá ṣe ni a tìtorí rẹ̀ kúnlẹ̀ lónìí.

Ẹni tí jẹjẹrẹ mú ní ahọ́n, ní ọ̀fun tàbí ní gògóńgò sábà máa ń gba ìtànṣán láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, fún bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 7. Kí ó tó ṣe ìdajì rẹ̀, inú ẹnu á ti bó. Omi lásán á máa ta á bí ata. Itọ́ á gbẹ, adùn oúnjẹ á lọ, òkèlè kò ní ṣeé gbé mì mọ́. Ẹni tí kò jẹun á rù, á rẹ̀ ẹ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọjọ́ ìtọ́jú jẹ. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, torí bí ìtànṣán bá dúró lágbede méjì, jẹjẹrẹ á tún ráyè hù. Owó tí ìjọba àti ẹbí ti ná lè wọgbó báyẹn, láìjẹ́ pé ẹ̀rọ bàjẹ́.

Òfin Àjọ Adójútòfò Ìlera (NHIA) ti 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó máa san owó ìtọ́jú ẹnu, rọ́bà tí aláìsàn ń gbà jẹun àti oògùn ìrora. Mọfíìnì olómi tó ń pa ìrora kì í ṣe oògùn olówó gọbọi. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ omi. Ó yẹ kó dé Ṣakí àti Òkìtìpupa. Kí dókítà eyín sì yẹ aláìsàn wò ṣáájú ìtànṣán, nítorí bí wọ́n bá yọ eyín lẹ́yìn rẹ̀, egungun àgbọ̀n lè kọ̀ láti jinná. Ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bí Ìkàrẹ́ bọ̀ nílò ibi tí yóò wọ̀ sí nítòsí ilé ìwòsàn.

Ti àwọn tí wọ́n yọ gògóńgò wọn ló ká wa lára jù. Ihò ọrùn ni wọ́n ń gbà mí, ohùn wọn sì ti lọ. Ìyá ọlọ́jà kò lè pe iye ọjà rẹ̀ mọ́, ládàánì kò lè pe ìrun. Ẹ sì mọ̀ wá nílẹ̀ yìí: a kí ènìyàn, kò dáhùn, ó di agbéraga. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń kọ́ irú wọn láti tún sọ̀rọ̀ kò pọ̀ rárá ní Nàìjíríà. Ẹ rán àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ iṣẹ́ náà, kí ẹ sì gbà wọ́n síṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kúrò nínú ihò ọrùn wọn ń lo iná, iná kì í sì í dúró. Ẹ fún wọn ní èyí tó ní bátìrì.

A ń bẹ̀bẹ̀ kí gbogbo ohun wọ̀nyí wọ ìṣúná ọdún tó ń bọ̀. Bí ẹ bá pè wá, a ó wá jókòó pẹ̀lú àwọn kọmíṣọ́nnà yín, àwa àti àwọn aláìsàn fúnra wọn. Àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀ á kọ tiwọn sílẹ̀.

Àwa ni ẹbí àti olùtọ́jú àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ orí àti ọrùn.