Ọyẹ́ nìkan kọ́ ló ń kó ikọ́ ràn wá



Bí a bá jí ní òwúrọ̀ báyìí, a kì í rí òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán mọ́. Eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ti bò ó. Òkè mọ́kànlélógójì ni wọ́n ń kà fún wa, ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, ẹni tó bá rí méjì kó dúpẹ́. Ètè ń là, imú ń gbẹ, àwọn ọmọdé ń wúkọ́ ní gbogbo agbo ilé. Tí ẹ bá béèrè ohun tó fà á, ìdáhùn kan náà ni: "Ọyẹ́ ni." A ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ parí.

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọyẹ́ ní ipa tirẹ̀ lóòótọ́. Omi tó wà nínú imú àti ọ̀fun wa ló ń mú eruku àti kòkòrò àrùn kí wọ́n má baà dé ẹ̀dọ̀fóró. Ọyẹ́ ń gbẹ omi yẹn, eruku sì ń ha ojú ibẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí nìyẹn. Àmọ́ ọ̀dọ̀ ènìyàn ni olè tó máa gba ibẹ̀ wọlé ti ń wá: ikọ́, sísín, ọwọ́ tí a fi nu imú tí a tún fi bọ ara wa lọ́wọ́. Ẹ wo ọ̀fìnkìn burúkú ọdún 1918, tí àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú. Oṣù kẹsàn-án ló wọ Èkó, nígbà tí ọyẹ́ kò tíì fẹ́. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé èbúté, ọkọ̀ ojú irin sì gbé e lọ sí àwọn ìlú òkè. Títí di òní, ní etíkun, ọ̀fìnkìn líle tí a ń pè ní grippe máa ń jà nígbà òjò pẹ̀lú.

Kí ló wá dé tí ikọ́ fi ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní àsìkò yìí? Ẹ wo ohun tí à ń ṣe. Iṣu ti kúrò lóko, ọ̀nà ti gbẹ, àwọn ọmọ wa tó wà ní Nàìjíríà ń bọ̀ nílé, ìgbà yìí la ń ṣe ìnáwó òkú. Ìbò pàápàá ti bọ́ sínú ọyẹ́: ọjọ́ 8 oṣù kìíní 2023 la yan àwọn aṣòfin, ti 2026 náà sì bọ́ sí ọjọ́ 11 oṣù kan náà. Táksí ẹlẹ́ni márùn-ún yóò kó mẹ́sàn-án, wọn á tún ti gbogbo fèrèsé nítorí eruku. Ẹnì kan wúkọ́ ní Bohicon, ó di ti gbogbo wọn kí wọ́n tó dé Dassa.

Ẹ rántí 2020. Ọjọ́ 16 oṣù kẹta ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà nílẹ̀ wa. Kò pẹ́ tí korobá omi àti ọṣẹ fi wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ọ́fíìsì. Ní ibi tí a ti ń ṣèpàdé, mo rí korobá tiwa lóṣù tó kọjá. Gààrí ló wà nínú rẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, korobá tó dáa ni.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti oògùn. Tí ikọ́ bá ti mú wa, ọ̀dọ̀ ẹni tó gbé àwo oògùn rìn là ń lọ. Èmi náà ti ṣe é. Lọ́dún kan, mo ra kapsúlù pupa-òun-yẹ́lò, mo lo mẹ́rin, mo jáwọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wúkọ́. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í pa kòkòrò grippe rárá. Kòkòrò mìíràn ló wà fún. Tí a bá sì lò ó ní ààbọ̀, àwọn kòkòrò tó ṣẹ́kù yóò kọ́ bí wọn ó ṣe borí rẹ̀, lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀ ní tòótọ́ kò ní ṣiṣẹ́. Ká má tíì sọ ti ayédèrú àti èyí tí oòrùn ti sè nínú àwo. Ní oṣù kejì 2017, ìjọba kó ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ní Adjégounlé, ní Kútọnu. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí àwọn ìyá wa ṣì ń rà á? Nítorí pé ẹni tó ní 200 fráǹkì lọ́wọ́, alátẹ yóò gé oògùn méjì fún un. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kó ra páálí odindi. Ẹ̀yin tó ń wá ìbò wa, ẹ sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Ọ̀fìnkìn lásán, omi mímu, ìsinmi àti ohun gbígbóná ti tó o. Àmọ́ ọmọ tó ń mí gulegule, tí ìhà rẹ̀ ń wọnú, tí kò lè mu ọmú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí ibà mú, tí ọrùn rẹ̀ le, tí kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, yírùnyírùn lè ni. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gún ní àríwá ilẹ̀ wa ní 2012 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ẹ̀yà A lọ, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà mìíràn ṣì wà. Kí àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde má ṣe wẹ omi tútù láàárọ̀, òtútù máa ń ru egungun wọn sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé iná èédú sínú yàrá sùn. Èéfín rẹ̀ tí kì í rùn ti pa ènìyàn rí.

Ohun tí mo ń bẹ ìgbìmọ̀ wa kò pọ̀. Kí á ṣèpàdé lábẹ́ igi títí ọyẹ́ yóò fi lọ, kì í ṣe nínú yàrá tí a tì pa. Kí á bá mẹ́rì sọ̀rọ̀ nípa àwọn obìnrin tó ń fọ́ òkúta ní ẹsẹ̀ òkè, kí wọ́n rí omi wọ́n sórí òkúta, kí wọ́n sì rí aṣọ bo imú. Kí á bi olùdíje kọ̀ọ̀kan bóyá nọ́ọ̀sì yóò máa wà ní abúlé lóru. Ní ti korobá yẹn, mo ti sọ fún akápò: kó da gààrí rẹ̀ sínú àpò kó tó di ọjọ́ ìpàdé.