Ọgọ́rùn-ún Irọ́ àti Ẹ̀wà Inú Agolo

Àwọn àgbà ní, ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu, tó ní igba lòun gbìn, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Elékèé la sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni òwe náà fi bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ kọ ebè, ó kà á, ó mọ iye tó gbìn, ó sì mọ̀ pé ilẹ̀ kò ní gbè é lẹ́yìn bó bá bù mọ́ ọn. Ìṣirò, ìmọ̀ ilẹ̀ àti òtítọ́, ẹ̀kọ́ kan náà ni lọ́wọ́ àgbẹ̀. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ó rí lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, agolo mílíìkì àti ẹ̀wà díẹ̀ sì tó o ṣe.

Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì wa, olùkọ́ á kọ ọ́ sójú pátákó pé omi, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ni irúgbìn nílò kí ó tó hù. Àwọn ọmọ á dà á kọ, wọn á há a sórí. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà kò nílò ìmọ́lẹ̀ láti hù. Abẹ́ ilẹ̀ níbi tó ṣókùnkùn ló ti ń hù. Olùkọ́ mìíràn a tilẹ̀ ní kí wọ́n gbìn ín, ṣùgbọ́n kí ẹ̀wà tó yọ ni èsì ti wà nínú ìwé. Bí ti ọmọ kan kò bá hù, wọn á hú ti ẹlòmíràn sínú agolo rẹ̀, nítorí àwọn òbí ń bọ̀ wá wò. Ọgọ́rùn-ún irọ́ náà nìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́fà la sì ń fi í bọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ti yẹ. Ká pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, agolo kan fún ọ̀wọ́ kan, hóró ẹ̀wà márùn-ún nínú agolo kọ̀ọ̀kan. Ká fi ìṣó lu ìdí agolo kí omi lè máa jò, ká sì bu erùpẹ̀ sí i. Ọ̀wọ́ kìíní á gbé tirẹ̀ sójú fèrèsé, wọn á máa bomi rin ín níwọ̀nba. Èkejì á fi omi kún tirẹ̀ bámúbámú. Agolo wọn nìkan ni a kò ní lu. Ẹ̀kẹta kò ní bomi rin tirẹ̀ rárá. Ẹ̀kẹrin á bomi rin ín níwọ̀nba, ṣùgbọ́n inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọn yóò gbé e sí.

Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, erùpẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Kì í ṣe ewé ló kọ́kọ́ ń yọ. Ọrùn tó tẹ̀ ló ń jáde, òun ló wá ń fa awẹ́ ẹ̀wà méjèèjì gòkè, èèpo a sì tún lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Bí a bá gbin àgbàdo sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ewé kan ṣoṣo tó ká jọ, tó ṣe ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, ni yóò yọ. Hóró rẹ̀ á jókòó sábẹ́ ilẹ̀. Kí ọmọ yà wọ́n bó ṣe rí wọn.

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá, kí wọ́n gbé rúlà. Ti inú kọ́bọ́ọ̀dù sábà máa ń ga ju tojú fèrèsé lọ! Ìdí rẹ̀ ni pé ó ń wá ìmọ́lẹ̀, oúnjẹ inú awẹ́ rẹ̀ ló sì ń ná sórí gíga. Ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, kò lè dá dúró. Rúlà sọ tirẹ̀, ojú sọ tirẹ̀, ọmọ á sì kọ méjèèjì sílẹ̀. Olùkọ́ tó ti kọ èsì sójú pátákó ṣáájú ti fi èyí du àwọn ọmọ rẹ̀.

Bí 9 bá hù nínú 20, kí wọ́n kọ 9. Ara 11 tó kù gan-an ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí. Kí wọ́n tú erùpẹ̀ wò: ti inú omi ti jẹrà, nítorí kò rí afẹ́fẹ́, tinú agolo gbígbẹ ṣì wà bó ti wà, bí wọ́n bá bomi rin ín, ó lè hù, òmíràn, kòkòrò ti dá a lu kó tó dénú agolo.

Èdè tí ọmọ yóò fi sọ ọ́ ńkọ́? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó bá lè fi èdè ìyá rẹ̀ ròyìn ohun tó rí kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ fún un.

Ẹ̀yin olùkọ́, òjò ti máa ń rọ̀ nígbà tí táàmù kẹta bá wọlé. Ẹ̀wà jíjẹ ni kí ẹ rà, ẹ má fi irúgbìn tí wọ́n ti po mọ́ oògùn kòkòrò lé ọmọdé lọ́wọ́, kí ẹ sì rí i pé wọ́n fọwọ́. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá dé ilé ìwé tí agolo ọmọ yín ṣófo, ẹ má ṣe bá a wí. Ẹ bi í léèrè ohun tó rí nígbà tó tú erùpẹ̀ wò.