Ẹni Bá Fara Balẹ̀ Tú Èèrà

Bí ọmọ iṣẹ́ bá ń kùn pé òun kò tíì gbòmìnira, kò ní pẹ́ tí ọ̀gá á fi sọ fún un pé ẹni bá fara balẹ̀ tú èèrà á rí ìfun inú rẹ̀. A ti sọ ọ́ di òwe tí a fi ń pẹ̀tù sí ẹni tó ń kánjú nínú. Ṣùgbọ́n ẹni inú òwe yìí kò káwọ́ gbera. Ó ń tú nǹkan ni, ohun tí ẹlòmíràn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Joanna Aizenberg, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Soviet lọ́dún 1960. Ó gboyè kejì nínú kẹ́mísírì ní Moscow ní 1984; ọdún 12 kọjá kó tó di ọ̀mọ̀wé ní Ísírẹ́lì. Nígbà tó dé ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ó gbé kànrìnkàn ibú òkun kan, Euplectella, sábẹ́ awò. Dígí ni egungun ẹranko yìí, àwọn fọ́nrán ìdí rẹ̀ sì ń gbé ìmọ́lẹ̀ kọjá bíi fáíbà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá bá wa. Iná ìléru la fi ń yọ́ tiwa. Inú omi tútù ni kànrìnkàn ti ń ṣe tirẹ̀, ó sì ṣeé ta ní kókó kó má kán!

Harvard ló wà ní 2011 tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi wo ewéko Nepenthes, tí ewé rẹ̀ ká bí ìkòkò. Omi fẹ́lẹ́ wà létí ìkòkò náà. Èèrà tó bá tẹ ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ̀, á já sínú. Wọ́n fara wé e: wọ́n ṣe ohun tó ní ihò wínníwínní, wọ́n fi òróró kún un, ẹ̀jẹ̀ àti yìnyín kò sì rí ibi dì mú mọ́. Ní 2014, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ṣàn nínú rọ́bà ìṣègùn tí wọ́n fi irú ọgbọ́n yìí ṣe fún wákàtí 8, kò dì, láìlo oògùn.

Èèrà kan náà ṣeé tú lẹ́ẹ̀mejì o. Ní 2001, Aizenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé kírísítà kéékèèké tó wà lápá brittlestar, ẹranko òkun alápá márùn-ún, ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ bí ojú. Ní 2018, olùwádìí mìíràn, Lauren Sumner-Rooney, àti ẹgbẹ́ tirẹ̀ tún un tú: ohun tí ẹranko náà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ kò sí lábẹ́ kírísítà wọ̀nyẹn, àárín wọn ló wà. Lójú tèmi, ìyẹn kò bu Aizenberg kù. Kírísítà tó rí ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ lóòótọ́. Iṣẹ́ ojú tí wọ́n rò pé ó ń ṣe ni kò rí bẹ́ẹ̀.