Stefan Drzewiecki kì í ṣe ará Rọ́ṣíà
Àwọn ìwé kan ṣì ń pe Stefan Drzewiecki ní ẹnjiníà Rọ́ṣíà. A kò fara mọ́ ọn. Ọmọ Pólándì ni, tí a bí ní 1844, nígbà tí Rọ́ṣíà, Prọ́ṣíà àti Ọ́stríà ti pín ilẹ̀ baba rẹ̀ láàárín ara wọn. Rọ́ṣíà ra ọkọ̀ abẹ́ omi rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra iṣu kọ́ ni ó ni àgbẹ̀. Òun ni ó fi han àwọn ẹnjiníà bí a ti ń fi ìṣirò gé abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú, tí Faransé ń pè ní hélice, sí wẹ́wẹ́, kí a wá agbára ègé kọ̀ọ̀kan, kí a sì ro wọ́n pọ̀. Ní Paris ni ó ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí èyí jáde ní 1920. Níbẹ̀ ni ó kú sí ní 1938. Bí ibi iṣẹ́ bá ń sọni di ọmọ ilẹ̀, kí ló dé tí wọn kò pè é ní ará Faransé?