Ẹ Yọ Wáyà Kúrò Nínú Kabúrétọ̀!
Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ wa! Idẹ ni jẹ́ẹ̀tì inú kabúrétọ̀ Honda CG125 tí a jogún lọ́wọ́ àwọn bàbá wa. Wáyà irin le jù ú lọ. Bí ẹ bá fi ń gún un, ihò rẹ̀ á fẹ̀, alùpùpù á sì máa mu epo bí ọ̀mùtí.

Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì oṣù 8 ti 2022, epo tó dì bí oje igi ni kò jẹ́ kí tiwa stáàtì. Mẹkáníìkì ní ká ra ẹ́ńjìnnì! A kọ̀. A rẹ jẹ́ẹ̀tì sínú oògùn tí wọ́n fi ń fọ kabúrétọ̀, a fẹ́ atẹ́gùn sí ihò rẹ̀, ó dáhùn.

Ẹ fa epo kabúrétọ̀ dànù kí ẹ tó gbé alùpùpù pamọ́. Àìtọ́jú ló ń pa á, kì í ṣe ọjọ́ orí.