Ta Ni Yóò Gba Ọmọ Lọ́wọ́ Ìyá Ọlọ́jà?

Ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́, kì í ṣe ohun tuntun kí ọmọ aláta sùn sórí páálí lábẹ́ tábìlì. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ní ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ 12. Aláta ńkọ́? Àfi ìyá àgbà, tàbí jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni.

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ènìyàn (UBE) ti ọdún 2004 ka ìtọ́jú ọmọdé mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ní oṣù Keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà.

Nítorí náà, kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ bíi Gúúsù Àkúrẹ́ àti Ìwọ̀-Oòrùn Oǹdó ka ọmọ kéékèèké wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ ibi tí jẹ́lé-ó-sinmi yẹ, kí wọ́n tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Kò kúkú le: ìwé àjẹsára àwọn ọmọ náà wà lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì.